Owó Tí À Ń Dà Sínú Táǹkì Ẹ̀gbin

Ọ̀rọ̀ owó orí, ìwé ilé àti owó ìfẹ̀yìntì la sábà máa ń kọ sí ojú ìwé òwò yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo gbé wá. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ jẹun tán. Ọ̀rọ̀ owó náà kúkú ni, nítorí pé $8,700 ló jáde lápò mi ní ọdún 2021 lórí ohun tí mo rò pé mo mọ̀ dáadáa, mi ò sì fẹ́ kó jáde lápò tiyín.

Ní ọdún 2012 ni èmi àti ìyàwó mi ra ilé wa ní ẹ̀yìn Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ilẹ̀ ibẹ̀ fẹ̀, igi pọ̀, àwọn ọmọ sì rí ibi sáré. Ọkùnrin tó bá wa wá ilé náà sọ fún wa pé, “Septic ni ilé yìí ń lò o.” A ní kò burú. Ta ni yóò fi septic dẹ́rù ba ọmọ Yorùbá? Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní ṣọ́kàwéè lẹ́yìnkùlé, orí kọnkéré tí wọ́n fi bò ó la ti ń ta ayò. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju méjì lọ: bó bá ń rùn, a ó da Izal sí i, bó bá kún, a ó pe ọkọ̀ tó ń fà á. Nígbà tí mo dé ilé tèmi, ti àkọ́kọ́ nìkan ni mo ń ṣe fún odidi ọdún mẹ́jọ.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn díẹ̀ ni mò ń sọ. EPA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àyíká, sọ pé ó ju ilé kan lọ nínú márùn-ún tó ń lo septic ní orílẹ̀-èdè yìí. Àwa tí a sì ń sá fún ilé olówó gọbọi nínú ìlú ńlá lọ sí ibi tí ilẹ̀ ti fẹ̀, àárín wọn gan-an la wà. Bí ẹ kò bá mọ èyí tí ilé yín ń lò, ẹ wo ìwé owó omi tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí yín. Bí ẹ kò bá rí owó sewer níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé abẹ́ koríko àgbàlá yín ni gbogbo rẹ̀ ń lọ.

Táǹkì náà kì í ṣe kòtò lásán. Ohun ẹlẹ́mìí wà nínú rẹ̀. Omi ilé ìwẹ̀, ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ti ilé ìdáná àti ti ẹ̀rọ ìfọṣọ, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń pàdé. Èyí tó wúwo yóò rọ̀ sísàlẹ̀, yóò di ẹrẹ̀. Ọ̀rá àti òróró yóò léfòó sókè. Omi tó wà láàárín méjèèjì ni yóò ṣàn jáde, yóò gba inú páìpù oníhò wọ inú ilẹ̀ lọ, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní drain field. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí à ń pè ní bakitéríà ló ń jẹ ẹrẹ̀ inú táǹkì yẹn díẹ̀díẹ̀ kó má tètè kún. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tó wà nínú erùpẹ̀ ló sì ń tún omi náà ṣe kó tó rọ̀ dé ibi tí omi kànga wà. A kì í sanwó fún wọn, wọn kì í sì gba ìsinmi. Ṣùgbọ́n wọn kò lè jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ohun tó ṣẹ́kù ń ga sí i lọ́dọọdún, ìdí nìyẹn tí EPA fi ní kí a fa táǹkì láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà sì máa yẹ̀ ẹ́ wò, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ara wa. Àwa Yorùbá, imú la fi ń mọ ilé tó mọ́. Bí a bá wọ ilé ìwẹ̀ tí òórùn apakòkòrò kò ta sí wa nímú, ọkàn wa kì í balẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi bí ọmọ wa kẹta ní ọdún 2016, ìyá rẹ̀ wá láti ilé wá bá wa wẹ ọmọ. Nígbà tí wọ́n ṣí àpótí wọn, ìgò Izal méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n fi ìró wé wọn bí ẹni ń di ẹyin. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Màmá, oògùn ìfọlé pọ̀ níbí o.” Wọ́n ní, “Mo mọ̀, Bàbá Tọ́lá, ṣùgbọ́n tibí kì í rùn. Èyí tí kò rùn, kí ló fẹ́ pa?”

Mi ò lè bá wọn jiyàn, nítorí pé ohun tí èmi náà gbà gbọ́ nìyẹn. Kò wá sí mi lọ́kàn láti béèrè pé lẹ́yìn tó bá ti pa kòkòrò inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tán, níbo ló ń lọ, ta ni yóò sì tún pa níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń lọ nílé wa. Gbogbo àárọ̀ Sátidé la ń da bílíìṣì sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́ta, a ó fi fọ ilẹ̀, a ó tún da díẹ̀ sí aṣọ funfun. Ìyàwó mi máa ń dirun fún àwọn ọmọ àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn, irun náà sì máa ń dí ojú ihò ilé ìwẹ̀, mo ń lọ ra ìyẹ̀fun tó ń ṣí páìpù, mo ń dà á sí i, ó ń hó, ó ń ya èéfín, inú mi ń dùn pé ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tó wà nínú ìyẹ̀fun yẹn ni kọ́sítíìkì sódà, èyí tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ, tí wọn kì í sì í jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́. Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín jù nígbà tí mo wá ronú rẹ̀ nìyí: lóṣooṣù mo tún ń ra páálí ìyẹ̀fun mìíràn tí wọ́n kọ sí lára pé ó ń fún septic ní kòkòrò tuntun. Mò ń fi ọwọ́ ọ̀tún pa wọ́n, mo sì ń fi ọwọ́ òsì ra òmíràn.

Ọdún 2020 dé, ìjọba ní kí oníkálukú jókòó sílé. Àwa mẹ́fà la wà nínú ilé látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀rọ ìfọṣọ kò sinmi. Bílíìṣì tí à ń lò di ìlọ́po mẹ́ta. Wáìpù, ìnujú tútù yẹn, la fi ń nu ilẹ̀kùn, la fi ń nu fóònù, la fi ń nu àpò tí a gbé ti ọjà dé, a sì ń jù ú sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó ṣeé jù síbẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn gan-an ni EPA kéde pé ìwé ìnùdí nìkan ni kí àwọn èèyàn máa jù sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún, koríko ibì kan lẹ́yìn ilé wa tutù yọ̀yọ̀ ju ti ibi yòókù lọ. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi nílé pé kó wá wo oko mi.

Ní òru ọjọ́ kan ní oṣù kìíní 2021, omi dúdú yọ láti ojú ihò ilé ìwẹ̀ ìsàlẹ̀. Mi ò ní ṣàlàyé òórùn rẹ̀.

Ọkùnrin tó wá fà á ṣí ìdérí táǹkì, ó fi igi wọn ẹrẹ̀, ó sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó béèrè ìgbà tí wọ́n fà á kẹ́yìn. Èmi náà dákẹ́. Ẹrẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu páìpù tí omi ń gbà jáde. Ọ̀rá orí rẹ̀ nípọn bí àkàrà. Wáìpù kún inú rẹ̀ bí àkísà inú ilé télọ̀. Mo bi í bóyá bílíìṣì ló pa á, torí pé mo ti ń wá ẹni tí mo máa di ẹ̀bi rù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bílíìṣì kò ràn mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́jọ ló pa á. Ẹrẹ̀ tí a kò fà ti bá omi jáde wọ inú ilẹ̀, ó ti dí ojú erùpẹ̀ pa. A lè fa táǹkì lọ́jọ́ kan, kó sì mọ́. Ilẹ̀ tó ti dí kò ṣeé fà. Òmíràn ni wọ́n ní láti gbẹ́ síbòmíràn nínú àgbàlá, owó ọ̀hún ni mo sọ fún yín níbẹ̀rẹ̀.

Látìgbà náà ni mo ti ń kàwé nípa rẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí kan wà tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Arkansas, tó jáde ní ọdún 1987. Wọ́n fẹ́ mọ iye oògùn ìfọlé tí yóò pa bakitéríà inú táǹkì gálọ́ọ̀nù 1,000 run. Àbájáde wọn yà mí lẹ́nu. Ti bílíìṣì, ó tó nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 1.85. Ti Lysol, ó tó gálọ́ọ̀nù 5. Ti ìyẹ̀fun Drano tó ń ṣí páìpù, gíráàmù 11.3 péré, kò kún ṣíbí ìjẹun kan. Wọ́n tún rí i pé àwọn kòkòrò náà máa ń padà pọ̀ bíi tàtẹ̀yìnwá kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, bí a kò bá tún da òmíràn sí i.

Ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Ife bílíìṣì kan nínú aṣọ funfun kò ní pa táǹkì. Kò tilẹ̀ ní dé ibẹ̀ pẹ̀lú agbára, nítorí pé ìdọ̀tí tó bá pàdé lọ́nà ti máa ń gba agbára rẹ̀ tán. Àwọn tó ń sọ fún wa pé ẹ̀kán bílíìṣì kan lè ba septic jẹ́ ń dẹ́rù bà wá lásán, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní ìyẹ̀fun kan tí wọ́n fẹ́ tà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwa ṣe ń ṣe tiwa. Ìdajì gálọ́ọ̀nù lọ́jọ́ Sátidé kan ṣoṣo, nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀rọ ìfọṣọ ìgbà mẹ́fà lọ́jọ́ kan náà, omi ń wọ táǹkì wìtìwìtì. Omi tó bá wọlé tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kì í jẹ́ kí ẹrẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, ṣe ló ń rú u sókè, tí yóò sì tì í jáde. Bí a bá wá fi ìyẹ̀fun páìpù kún un lọ́sẹ̀ kejì, ìgbà wo ni kòkòrò fẹ́ gbádùn?

Èrò tèmi, tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò, ni pé kì í ṣe oògùn ìfọlé nìkan ni ìṣòro wa. Ìṣòro wa ni pé a ń fi oògùn rọ́pò iṣẹ́. Ohun tó yẹ kí a fi ọkọ̀ fà, a ń fi ìgò bò ó mọ́lẹ̀. Òórùn rẹ̀ ń lọ, a ń rò pé ìdọ̀tí náà ti lọ.

Ìyẹ̀fun tí mo ń rà lóṣooṣù ńkọ́? Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. $10 lóṣù, ìgbà méjìlá lọ́dún, fún ọdún mẹ́jọ: $960. Ní àdúgbò wa nígbà yẹn, $350 ni wọ́n ń gbà láti fa táǹkì. Bí mo bá ti fà á lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́jọ yẹn, $700 ni n bá ná, mi ò bá sì ṣì ní $260 lọ́wọ́ láti fi ra ìrẹsì. EPA sọ ọ́ gbangba pé àwọn ohun tí wọ́n ń tà láti fi kún septic yìí kò pọn dandan fún táǹkì tó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ìgbọ̀nsẹ̀ wa fúnra rẹ̀ ń gbé kòkòrò tó tó lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn kan nínú ọjà náà tilẹ̀ ń yọ́ ọ̀rá orí omi, ọ̀rá yẹn á wá ṣàn lọ dí ilẹ̀ tó yẹ kó máa fa omi mu. Owó tí EPA kọ sílẹ̀ fún títọ́jú septic jẹ́ $250 sí $500 lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ti títún un ṣe tàbí pípààrọ̀ rẹ̀ jẹ́ $5,000 sí $15,000. Mi ò rí òwò kankan ní Amẹ́ríkà tó ń mú èrè tó báyìí wá.

Èyí tó léwu jù ni àwọn èròjà tí kì í jẹrà. Ní Long Island, ní ìpínlẹ̀ New York, ní nǹkan bí ọdún 1979, àwọn onílé ń da oògùn tí wọ́n ní ó ń fọ táǹkì sínú septic wọn. Èròjà inú rẹ̀ jọ èyí tí wọ́n fi ń yọ gíríìsì lára irin. Ó gba inú ilẹ̀ kọjá lọ bá omi abẹ́ ilẹ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ yẹn sì ni àwọn ará ibẹ̀ ń mu. Ìjọba ní láti fòfin dè é. Nítorí náà, ọ̀dà, tíńnà, kẹrosíìnì, epo ẹ́ńjìnnì àlòkù, oògùn ẹ̀fọn, ẹ má da ọ̀kankan nínú wọn sí ihò kankan nínú ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ìwòsàn tó ti lọ́jọ́ lórí. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà oògùn ló máa ń gbà á padà. Ẹ má sì ṣe da bílíìṣì pọ̀ mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí mọ́ amóníà, nítorí afẹ́fẹ́ olóró ló ń jáde níbẹ̀, ẹni tó ń fọ ilé ló sì máa kọ́kọ́ fà á símú kó tó kan ọ̀rọ̀ táǹkì.

Ọ̀rọ̀ mi tún kan ẹ̀yin oníṣòwò wa gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní personal care home. Ẹ ra ilé oníyàrá mẹ́rin, ẹ gba ìwé àṣẹ, ẹ kó àwọn àgbàlagbà sí i, àwọn òṣìṣẹ́ ń wọlé, wọ́n ń jáde tọ̀sán tòru. Ṣùgbọ́n iye yàrá ni wọ́n fi wọn septic yẹn nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé, ìdílé kan ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Wọn kò ro ti aṣọ ìbùsùn tí ẹ̀yin ń fọ̀ lójoojúmọ́. Wọn kò ro ti apakòkòrò líle tí òfin ní kí ẹ fi nu gbogbo ilé, èyí tí wọ́n ṣe kó lè máa pa kòkòrò títí. Wọn kò ro ti wáìpù àgbàlagbà, tó tóbi tó sì le ju ti ọmọ ọwọ́ lọ. Oògùn tí ẹnì kan ń lò láti pa kòkòrò inú ara rẹ̀ náà, díẹ̀ nínú rẹ̀ ń bá ìtọ̀ jáde. Bí septic bá dẹnu kọlẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ilé ìwẹ̀ ìsàlẹ̀ nìkan ni yóò kún. Ibo lẹ máa kó àwọn àgbàlagbà mẹ́fà lọ lóru? Kí lẹ máa sọ fún ẹni tó wá yẹ ilé wò? Ní tèmi, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lórí septic, kò gbọ́dọ̀ dúró di ọdún márùn-ún. Kó pe oníṣẹ́ kó wọn ẹrẹ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, kó sì kọ owó náà sínú ìwé ìnáwó ilé iṣẹ́, nítorí ìnáwó iṣẹ́ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dáná òde nílé náà, ẹ má bínú sí mi. Òróró tí ẹ fi din dòdò àti ẹran fún òde ọgọ́rùn-ún méjì èèyàn kò gbọ́dọ̀ gba sink lọ. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ gbé e jù sínú pàǹtí. Ọṣẹ líle tí ẹ rò pé ó ti gé ọ̀rá náà kò pa á run, ó kàn sìn ín kọjá táǹkì lọ sínú ilẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irun, ẹ fi asẹ́ kékeré sí ojú ihò, kò ju $5 lọ. Asẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n tún ra ìyẹ̀fun páìpù láti ọdún 2021. Bí ó bá dí, wáyà tí wọ́n fi ń họ páìpù wà lọ́jà.

Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ wa gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi, wọ́n ní, “Ogún ọdún ni mo ti wà nínú ilé mi, mi ò fà á rí, bílíìṣì ni mo sì fi ń fọ̀ ọ́.” Mo kí wọn kú oríire. Àwọn àti ìyàwó wọn nìkan ló kù nílé, àwọn ọmọ ti lọ. Táǹkì tí wọ́n ṣe fún èèyàn mẹ́fà, méjì ló ń lò ó. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ẹnì kan ṣí i wò kí wọ́n tó ta ilé náà, torí pé ẹni tó fẹ́ rà á yóò ṣí i wò, owó tó bá rí níbẹ̀ ni yóò yọ kúrò nínú owó ilé. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilé náà, ẹ gbọ́: àyẹ̀wò ilé tí a sábà máa ń sanwó fún kì í sábà kan septic. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n sì fà á níṣojú yín.

Nílé ńkọ́? Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa ló ń kọ́lé lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oògùn yìí ti ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí pé omi tí à ń mu kò jìnnà sí i. Púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ tí wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀ ibi kò ju ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 lọ, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi mítà 18 sí 36. Àwọn onímọ̀ sábà máa ń dámọ̀ràn mítà 30 láàárín kànga àti ṣọ́kàwéè. Ẹ fi okùn wọ̀n ọ́n wò: àfi kí ọ̀kan wà ní igun iwájú, kí èkejì wà ní igun ẹ̀yìn. Kí bíríkìlà má wá fi ti yín síbi tí ó rọrùn fún un, ẹ sì tún bi í níbi tí ti aládùúgbò wà. Wọn kì í fi símẹ́ńtì dí ìsàlẹ̀ ṣọ́kàwéè pa, ilẹ̀ ló fẹ́ kó fa omi náà mu. Nítorí náà, Izal, kẹrosíìnì tàbí kọ́sítíìkì tí ẹnikẹ́ni bá dà sí i nítorí òórùn tàbí aáyán, ilẹ̀ kan náà ló ń wọ̀. Bí àbúrò yín bá pè pé ṣọ́kàwéè ń rùn, owó ọkọ̀ tó ń fà á ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ sì kìlọ̀ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ inú rẹ̀ láti fọwọ́ kó o. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń pani kí èèyàn tó pariwo, ẹni tó bá sì wọlé lọ gbà á là ni ó máa ń ṣe ìkejì.

Mo tún fa tèmi ní ọdún 2024, $410 ni wọ́n gbà. Oníṣẹ́ náà wọn ẹrẹ̀, ó ní ǹ bá ṣì lè dúró di ọdún kan sí i. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ la fi ń pín aṣọ fọ̀ báyìí. Ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì la fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, bílíìṣì di ti ọjọ́ kan lóṣù, ìdajì ife. Màmá wá sọ́dọ̀ wa lọ́dún yẹn kan náà. Mo ṣàlàyé fún wọn, mo mú wọn dé ibi tí ìdérí táǹkì wà lẹ́yìn ilé, mo ní àwọn kòkòrò kan wà nísàlẹ̀ yìí tí wọ́n ń bá wa ṣiṣẹ́. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin lẹ wá ń sin kòkòrò báyìí?” Ṣùgbọ́n ìdérí Izal kan nínú odidi bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ni wọ́n fi nu ilẹ̀ títí wọ́n fi padà sílé, wọ́n sì da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì náà nù síta, lẹ́bàá ojú títì.

Ọ́fíìsì ètò ìlera káúńtì yín ló ń tọ́jú ìwé septic, ó sì máa ń fi ibi tí táǹkì àti drain field wà hàn. Ẹ lọ béèrè tiyín, ẹ mú un wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Mo máa dé ní wákàtí kan ṣáájú ìpàdé, kí a jọ wo ti oníkálukú, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbin igi ọsàn tàbí tí ẹ ti ń páàkì ọkọ̀ sórí ibi tí ẹ kò mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.